Omi Ewé Ìyànà-Ìpájà

Ewé ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé wa ká ní Àgùdà. Kì í ṣe òdòdó, kì í sì í ṣe igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn èèyàn ń gbìn kí olè má baà fò wọlé. Ewé Ìyànà-Ìpájà ni, èyí tí èèyàn lè já lówùúrọ̀ kó sì fi se ọbẹ̀ lọ́sàn-án. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi orúkọ ibùdókọ̀ pe ewé. Mo ti bi àwọn àgbà ní Yábà níbi tí wọ́n bí mi sí, mo ti bi àwọn tó ń tà á ní Ọ̀yìngbò, kálukú ló ní ìtàn tirẹ̀, kò sì sí méjì tó bára mu níbẹ̀. Àwọn mìíràn tí a jọ ń gbé ní Èkó máa ń pè é ní “ọsibítù jìnnà”, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ní in lẹ́yìnkùlé kò ní nǹkan ṣe lọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún ẹni tí ọsibítù jìnnà sí. Ní tiwa, bí a bá wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà lójúlé, kò ní pẹ́ tí a ó fi dé ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí náà mi kì í wo ewé bí àwọn èèyàn ṣe ń wò ó. Bí wọ́n bá ní ewé yìí ń fúnni lẹ́jẹ̀, èmi á ní ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe yẹ: irin wà níbẹ̀, irin sì wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Èròjà tí ń mú ara dàgbà wà níbẹ̀ ju bí èèyàn ṣe lè retí lára ewé lásán lọ. Fítámì tó dáa fún ojú wà níbẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí egbò pẹ́ kó tó jinná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kásíọ̀mù wà níbẹ̀ fún eegun, potásíọ̀mù wà níbẹ̀ fún iṣan àti ọkàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti gbọ́ ọ títí ó fi di yẹ̀yẹ́ lẹ́nu wọn. Bí mo bá ti kọjá tán, ẹnì kan á fi ohùn imú sín mi jẹ lẹ́yìn: “Irin wà níbẹ̀!” Mi kì í yíjú. Ó dìgbà tí mo bá dé yàrá àwọn tíṣà kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni omi ẹ̀fọ́. Ẹ wo bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ ní Èkó yìí. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fún un bí ìgbà tí wọ́n bá ń fún aṣọ tí wọ́n fọ̀, wọ́n á da omi tútù yọ̀yọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn sí gọ́tà, wọ́n á wá gba kẹ́míìsì lọ láti lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé ẹni tó bá da omi ẹ̀fọ́ nù, oúnjẹ ló dà nù yẹn, ìràwé ló kù tó ń jẹ. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì, mo sọ ọ́ nípàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó tí a jọ ń gbé àdúgbò títí wọ́n fi ń gbé ìkòkò wọn pamọ́ tí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìgbà tí àìsàn kíndìnrín dá ọkọ mi dùbúlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò bi wá bóyá káwọn máa bọ̀ tàbí káwọn má bọ̀. A kàn gbọ́ ìkànlẹ̀kùn ni, nígbà tí mo sì ṣílẹ̀kùn, Màmá ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì aṣọ, kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti àpò gaàrí.

Wọ́n ní, “Mo gbọ́ pé ara ọmọ mi ò yá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

Ọmọ tuntun tí wọ́n ń wí yìí ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Irun funfun ti wà lágbọ̀n rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì jókòó sí pálọ̀ tó ń mí gúlegúle. Ó rí ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ là. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún wa pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dákẹ́ iṣẹ́, pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló wà nílé wa, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀: kó má lọ kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Mi ò ní purọ́, inú mi dùn pé Màmá wá, àyà mi sì já. Ẹnu mi mú, tiwọn náà mú. Wọn ò gbà kí ọbẹ̀ wọ fíríìjì, wọ́n ní ọbẹ̀ tó bá ti sun inú yìnyín, òkú ọbẹ̀ ni. Wọ́n máa ń dúró sẹ́yìn mi ní kíṣìnì, wọ́n á ní, “Tíṣà, ṣé báyìí lẹ ṣe ń gé àlùbọ́sà níléèwé yín?” Èmi náà á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹni tó bá gé e nípọn, a máa ń fún un ní òdo.” Wọ́n á pòṣé, wọ́n á kọjá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àríyànjiyàn mìíràn á tún ti gbéra, bóyá lórí iyọ̀, bóyá lórí bí mo ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló pa wá pọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo se ẹ̀fọ́, Màmá ṣí ìkòkò, wọ́n rí omi ewé náà nídìí rẹ̀, wọ́n yí sí mi tìyanutìyanu.

“O ò dà á nù?”

“Kí n da oúnjẹ nù ni, Màmá?”

“Hẹn-ẹ́n! Ta ló kọ́ ọ? Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, ìyàwó tó bá da omi ẹ̀fọ́ nù, àpà ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi á ní ọkọ rẹ̀ ò ní dàgbà.”

Mo sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún mi láti máa sọ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, bí gbogbo nǹkan tó kù bá dìjà, tí a bá ti dórí omi ẹ̀fọ́, a ti di ọ̀rẹ́.

Kò pẹ́ sí i, àwọn nọ́ọ̀sì níbi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi kò tó. Ọ̀rọ̀ tó kù tí wọ́n sọ, Màmá ò gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ kò tó nìkan ni wọ́n gbọ́, àti pé nílé wa, ewé ló yí wa ká. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ti yàrá jáde, wọ́n ti wà nídìí ọgbà tí wọ́n ń já a sínú abọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fọwọ́ ra á nínú omi títí omi fi dúdú, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n wá ní kí n mú máltì àti mílíìkì wá, nítorí bí gbogbo Èkó ṣe ń mu ún nìyẹn. Mo wo ife náà, mo ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kàn mi bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ó wù mí. Àǹtí tó ń ránṣọ lójúlé kejì gbọ́ sí i, ó gbé ewé tiẹ̀ wá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí kún un jàre, tèmi ló láwọ̀ jù.” Ìfẹ́ ló ń ṣe gbogbo wa bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi a máa dijú mu ún. Ó ní bí koríko bá lè sọ̀rọ̀, bí ohun tí òun ń mu yìí ṣe rí lẹ́nu ni ohùn rẹ̀ ì bá rí. Ṣùgbọ́n ó ń mu ún, nítorí ìyá rẹ̀ dúró tì í. Lójú wa, awọ ara rẹ̀ ń dán díẹ̀díẹ̀. A ń sọ ọ́ fún ara wa pé ó ń dán.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó fẹ́ dìde lórí àga kó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó wá gbé ọwọ́ láyà, ó ní, “Ọkàn mi ń fò. Ó ń fò, ó ń dúró.” Bí a ṣe gbé e dé inú ọkọ̀ aládùúgbò wa, mi ò rántí dáadáa mọ́. Ohun tí mo rántí ni Màmá tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n ń pe Olúwa, tí wọ́n sì ń sọ fún ẹsẹ̀ náà pé kó dáhùn.

Ní ọsibítù, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì gbé e sórí ẹ̀rọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkàn náà fara balẹ̀, dókítà jáde sí wa, ó bi wá ohun tó jẹ àti ohun tó mu. Màmá dá a lóhùn kí n tó lanu. Wọ́n sọ ti ewé, ti fífún rẹ̀, ti máltì, wọ́n sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga ìyá tó ti sa gbogbo ipá rẹ̀. Dókítà náà kò bínú. Lẹ́yìn náà ló ní ká lọ rí ẹni tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn.

Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ awò ojú, yàrá rẹ̀ kò ju ibi tí tábìlì kan lè gbà lọ. Màmá sọ ọ́ ní “dókítà oúnjẹ” lójú ẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó fún wa ní àga, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́.

Ó ní, “Màmá, potásíọ̀mù pọ̀ nínú ewé yẹn. Fún èmi àti ẹ̀yin, kò burú rárá, ó dáa gan-an. Kíndìnrín wa ló máa ń da èyí tó bá ṣẹ́ kù síta, a ó tọ̀ ọ́ dà nù. Ti ọmọ yín ò lè dà á síta mọ́. Ṣe ló ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, tó bá sì ti pọ̀ jù, ó lè dá ọkàn dúró.”

Potásíọ̀mù fún iṣan àti ọkàn. Èmi tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Gbogbo ohun tí ọmọ yìí ń sọ ni mo mọ̀ láti apá kan, kò sí ẹni tó fi apá kejì hàn mí rí.

“Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kò tó ńkọ́?” ni Màmá bi í.

“Kì í ṣe irin nìkan lọ̀rọ̀ ẹ̀, mà. Kíndìnrín náà ló máa ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Báyìí, kò sẹ́ni tó ń jíṣẹ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún wọn níbí ló ń bá a jẹ́ ẹ.”

“Ṣé ewé náà ò dáa ni?”

“Ó dáa, Màmá. Dídáa ẹ̀ ló pọ̀ ju agbára wọn lọ.”

Ó ní kí a má ṣe fún omi ewé fún un mu mọ́ láé. Bí a bá fẹ́ kó jẹ ẹ̀fọ́, kó jẹ́ díẹ̀: kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a fi omi púpọ̀ bọ̀ ọ́, kí a da omi náà nù, kí a gbé omi mìíràn kaná, kí a tún un bọ̀, kí a sì tún da ìyẹn náà nù. Inú omi ni potásíọ̀mù máa ń wọ̀ lọ. Màmá wò mí, èmi náà wo Màmá.

“Kí a da omi rẹ̀ nù,” ni Màmá sọ, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá etí òun ló ń ṣe òun.

“Ẹ dà á nù, mà.”

“Kí ló wá kù nínú ìkòkò?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀fọ́ díẹ̀, mà. Ọmọ yín náà á wà níbẹ̀ tí á jẹ ẹ́.”

Mo ti bínú sí ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí lọ́jọ́ náà. Ewé kò ṣẹ̀, ìyá kò ṣẹ̀.

Bí mo ṣe kọ́ láti máa fi ọwọ́ ara mi da omi ẹ̀fọ́ nù nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dà á, mo sunkún bí ọmọdé. Màmá ti kúrò ní kíṣìnì, wọ́n ní àwọn ò lè wo ibi tí wọ́n ti ń da ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn sí gọ́tà. Mo gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi. Ó jẹ ẹ́, ó mi orí.

“Ẹ̀fọ́ yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba,” ó ní. “Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ gan-an ò tíì jáde.”

A rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín láti yàrá wọn, mo gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọkàn Màmá dà bíi pé ó rọ̀. Wọ́n padà wá sí kíṣìnì. Wọ́n á ní kí n gbé ìkòkò náà sílẹ̀, pé tó bá tutù, àwọn á bá mi da omi rẹ̀ nù lẹ́yìnkùlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé wọ́n ti gba kámú.

Lọ́jọ́ kan, a tètè jáde níléèwé. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo sì bá Màmá lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Abọ́ omi ewé náà wà lọ́wọ́ wọn, ó kún dé ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ gbóná wọ̀ mí lórí. Mi ò tilẹ̀ kí wọn.

“Màmá! Ta lẹ fẹ́ gbé ìyẹn fún? Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?”

Wọ́n gbójú sókè. Wọn ò bínú sí igbe tí mo ké mọ́ wọn. Wọ́n kàn gbé abọ́ náà sẹ́nu, wọ́n mu ún tán pátápátá lójú mi, wọ́n fi etí ìró nu ẹnu.

“Jókòó, ìyàwó mi,” wọ́n ní. “Èmi ni mò ń mu ún.”

Wọ́n wá sọ fún mi. Níbi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n jókòó ti obìnrin kan tó fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ ní kíndìnrín kan. Màmá ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Wọ́n tọ nọ́ọ̀sì kan lọ, wọ́n ní kó sọ òótọ́ fún àwọn. Nọ́ọ̀sì ní ó ṣeé ṣe, bí ara ẹni tó fẹ́ fúnni bá le tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dáa. Ohun tí wọ́n gbé relé lọ́jọ́ náà nìyẹn.

“Mo wá ronú, mo ní omi tó ń dà nù yìí, ṣebí gbogbo oore ewé ló wà nínú ẹ̀? Ìwọ fúnra ẹ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n máa mu ún. Tó bá dọjọ́ tí wọ́n máa yẹ̀ mí wò, wọn ò ní rí nǹkan kan sọ sí ẹ̀jẹ̀ mi.” Wọ́n gbé abọ́ náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. “Méjì ni kíndìnrín tí mo ní, Tíṣà. Kí ni mo fẹ́ fi méjì ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́?”

Mo jókòó tì wọ́n lórí àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú báàgì iléèwé mi léjìká, mo sì sunkún lójú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Èmi ti lọ yẹ ara mi wò ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ mi kò bá ti ọkọ mi mu. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ní àtọ̀gbẹ. Ọmọ kan tí àwa méjèèjì bí ṣì kéré. Mo mọ̀ pé Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, mo mọ̀ pé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tí dókítà yóò sọ. Mi ò lè sọ ọ́. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were, ta ni èmi tí n óò ní kí wọ́n jókòó?

Ọkọ mi ló kọ̀ nígbà tí a sọ ọ́ fún un. Ó fi ọwọ́ lu àga, ohun tí kì í ṣe. “Màmá, ẹ ti bí mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó.”

Wọ́n ní, “Mi ò bi ọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ bí ọ náà, mi ò bi ọ́.”

Ọjọ́ tí a lọ ṣe àyẹ̀wò náà, Màmá wọ ìró àti bùbá tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lẹ́ pàǹkéèkì, wọ́n sì lé tìróò díẹ̀ sójú. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo bá wọn tún gèlè wọn gbé sókè kí ọjọ́ orí wọn lè kéré lójú. Nígbà tí dókítà bi wọ́n lọ́jọ́ orí, wọ́n wo àjà.

“Mo ti ń sún mọ́ ọgọ́ta,” wọ́n ní.

Mo fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Dókítà náà ò wò mí. Ó ní, “Màmá, ọmọ yín ti ń sún mọ́ àádọ́ta o.”

“Mo tètè lọ sílé ọkọ.”

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Màmá, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí èsì jáde tí a padà lọ, dókítà gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó gbé e wá síwájú Màmá, ó jókòó débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwọn. Bó ṣe gbé àga yẹn ni mo ti mọ̀.

“Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín dáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Ó pọ̀ dáadáa, ó dáa ju ti ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń wá síbí.”

Ojú Màmá tàn. “Ẹ ṣeun, dókítà. Ìgbà wo la máa ṣe é?”

“A ò lè ṣe é, mà.”

Ó ṣàlàyé. Ó ní kíndìnrín náà ti bá wọn dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti mú un díẹ̀, torí pé ó pé méjì ló ṣe ń tó wọn. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́ lára ọmọ, èyí tó kù sì lè dá Màmá náà dùbúlẹ̀. “A lè pàdánù yín lórí ẹ̀,” ó ní.

“Mo gbà,” ni Màmá wí.

“Mà?”

“Mo ní mo gbà. Kẹ́ ẹ pàdánù mi.”

Mi ò rí dókítà tó sunkún rí, mi ò sì ní sọ pé èyí sunkún. Ó mú ọwọ́ wọn méjèèjì. “Àwa ni a ò gbà, Màmá,” ó ní. “Òun náà ò ní gbà.”

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ bọ̀, Màmá gbé báàgì wọn lé ẹsẹ̀. Tìróò ti ṣàn díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú wọn. Mo kàn fi èjìká mi ti tiwọn, wọ́n sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí a fi délé.

Ọkọ mi wà ní pálọ̀. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní mo ti dàgbà,” ni Màmá dá a lóhùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú wọn. Ó na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá, wọ́n wọ yàrá lọ bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n jáde, ìró ilé ló wà lára wọn, wọ́n sì gba kíṣìnì lọ tààrà. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n gé ewé náà wẹ́wẹ́, bó ṣe wẹ́ ju bí èmi ti ń gé e lọ. Wọ́n da omi púpọ̀ lé e, wọ́n tan gáàsì, a sì dúró tì í títí ó fi hó tí omi náà fi di aláwọ̀ ewé.

Mo na ọwọ́ sí ìkòkò, nítorí èmi ni mo máa ń gbé e kúrò lórí iná. Màmá fi ìgùnpá gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn. Wọ́n fi akísà di etí ìkòkò mú, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n di ọmọrí mọ́ ọn, wọ́n sì da gbogbo omi náà sí gọ́tà. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí ó fi ro tán. Wọ́n padà wọlé, wọ́n gbé ìkòkò náà lé mi lọ́wọ́.

“Gbé omi mìíràn kaná,” wọ́n ní. “Ebi á ti máa pa á.”